Wáífáì Ń Ṣiṣẹ́ Lórí Fóònù, TV Box Kò Rí I: Ẹ Wá Ibi Tí Okùn Ti Já

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, màmá mi wá kí wa láti Ọ̀yọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ti fi stick kan ránṣẹ́ sí wọn, irú èyí tí wọ́n máa ń kì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, kí màmá lè máa wo fíìmù Yorùbá lórí YouTube láìjẹ́ pé ẹnì kan ń di fóònù mú fún wọn. Mo kì í bọ ihò HDMI, ó tàn. Orúkọ Wáífáì gbogbo àdúgbò ló kó síta: ti àwọn tó ń gbé lókè wa, ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé, ti ilé tó kọjú sí wa. Tiwa nìkan ni kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ fóònù mẹ́ta tó wà nínú pálọ̀ nígbà náà, orí Wáífáì wa yẹn ni gbogbo wọn wà.

Mo pa ráútà, ẹ̀rọ tó ń gbé Wáífáì jáde, mo tún un tàn. Mo yí páásíwọ́ọ̀dù padà. Mo nu gbogbo ohun tó wà lórí stick náà kúrò, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Màmá lọ sùn láìwo fíìmù kankan. Ọjọ́ kejì ni mo tó rí ìdí rẹ̀: orí ìkànnì 13 (ìkànnì ni ojú ọ̀nà tí Wáífáì ń gbà sọ̀rọ̀) ni ráútà wa wà, stick tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà kì í sì í tẹ́tí sí ìkànnì tó bá ti kọjá 11. Mo gbé ráútà wá sí ìkànnì 6, kò pé ìṣẹ́jú méjì tí orúkọ ilé wa fi yọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ yẹn, ibi tí kò bàjẹ́ ni mo ń tún ṣe.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá pè mí pé TV box òun (stick bíi tiwa tàbí àpótí kékeré tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀) kò sopọ̀, kì í ṣe pé kó tún nǹkan ṣe ni mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún un. Mo máa ń ní kó bá mi wá ibi tí okùn ti já, nítorí okùn mẹ́ta ló gbé fíìmù wá sójú tẹlifíṣọ̀n. Àkọ́kọ́ ni èyí tó wà láàárín TV box àti ráútà, tí kò ní wáyà. Òun gan-an ni Wáífáì. Èkejì ni nọ́ńbà tí ráútà gbọ́dọ̀ fún TV box kó tó lè kà á mọ́ ará ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní IP address. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ti inú ráútà jáde lọ sí ìta: dátà tí ẹ rà, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tàbí àwo tó wà lórí òrùlé. Okùn kan lè já kí méjì tó kù wà pérépéré. Àmì Wáífáì tó kún dẹ́múdẹ́mú lójú tẹlifíṣọ̀n, okùn àkọ́kọ́ nìkan ló ń sọ nípa rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀kẹta.

Fóònù ni ẹ ó fi ṣe àyẹ̀wò

Ẹ mú fóònù kan, ẹ gbé e dé ibi tí TV box wà gan-an, kì í ṣe orí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà. Ẹ so ó mọ́ Wáífáì ilé. Lẹ́yìn náà, ẹ pa dátà SIM tó wà nínú rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà. Bí Wáífáì kò bá ní íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ fóònù á rọra bọ́ sórí dátà SIM láìsọ fún ẹnikẹ́ni. WhatsApp á máa wọlé, ẹ ó sì búra pé kò sí ohun tó ṣe Wáífáì, nígbà tó jẹ́ pé dátà orí fóònù yín lẹ ń jẹ.

Tí ẹ bá ti pa dátà SIM, ẹ wá nǹkan tí ẹ kò tíì ṣí rí, kí ẹ ṣí i. Ohun tí fóònù ti kó pamọ́ láti àná lè ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó jẹ́ tuntun. Tí kò bá ṣí, ẹ fi TV box sílẹ̀, kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Okùn kẹta ló já. Dátà lè ti tán, owó oṣù lè ti parí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má dára lágbègbè yín lọ́jọ́ náà. Ẹ wo iye dátà tó kù, kí ẹ sì pe àwọn tó ń tà á fún yín. Ṣùgbọ́n tó bá ṣí wàrà, okùn kẹta wà níbẹ̀. Inú ilé ni ọ̀rọ̀ wà.

Iná ló ṣáájú

Ní ilé tí iná ti ń lọ tó tún ń bọ̀, kí ẹ tó fura sí ohunkóhun, ẹ fura sí iná. Nígbà tí wọ́n bá mú iná dé, TV box àti ráútà á jọ jí. TV box á wá Wáífáì nígbà tí ojú ráútà kò tíì là, kò ní rí i, àwọn mìíràn kì í sì í padà wá a mọ́ títí ẹnì kan á fi ní kí wọ́n wá a. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ rárá.

Ẹ yọ méjèèjì kúrò lára iná. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú àáyá 30. Ráútà ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn, kí ẹ sì dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, títí iná ara rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú á fi dúró sójú kan. Ìgbà náà ni kí ẹ tó tan TV box. Tí ẹ bá ní ínífátà, ẹ jẹ́ kí ráútà wà lára ohun tí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ ọn. Ṣájà 12 volt, 1 amp ni ọ̀pọ̀ ráútà kékeré ń lò, ìyẹn kò ju wáàtì 12 lọ, kò tó ohun tí gílóòbù àtijọ́ kan ń jẹ.

Stick ní àìsàn tirẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é sábà máa ń fi ṣájà 5 volt, 1 amp sínú páálí rẹ̀. Àwa á fi ṣájà yẹn sílẹ̀, a ó fa wáyà rẹ̀ sí ihò USB tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n nítorí pé sọ́kẹ́ẹ̀tì kò tó. Ihò USB 2.0, 0.5 amp ni ìlànà fún un. Ìdajì oúnjẹ lẹ ń fún un yẹn. Á tàn o, á tilẹ̀ gbé ojú ewé àkọ́kọ́ síta, ṣùgbọ́n tí Wáífáì inú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi, á já kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí kó pa ara rẹ̀ kó tún tàn. Mo ti rí stick tí wọ́n ti kà sí òkú tó jí ní kété tí a fún un ní ṣájà tirẹ̀.

Ẹni tí kò lè dé ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n lè lo rìmóòtù. Lórí Fire TV, irú èyí tí Amazon ń ṣe, ẹ tẹ bọ́tìnnì àárín àti Play/Pause pọ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Lórí Roku, irú mìíràn, ẹ tẹ Home lẹ́ẹ̀màrùn-ún, ọfà òkè lẹ́ẹ̀kan, bọ́tìnnì tó ń dá fíìmù padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó ń sáré rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní sùúrù, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn.

Tí orúkọ Wáífáì yín kò bá yọ rárá

Rédíò ni Wáífáì. Bí rédíò ṣe ní AM àti FM, bẹ́ẹ̀ ni Wáífáì ilé ní 2.4 GHz àti 5 GHz. 2.4 máa ń rìn jìnnà, ó sì máa ń gba inú ògiri kọjá ju èkejì lọ. 5 yára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ògiri tètè máa ń dá a dúró. TV box tó ti pẹ́ àti ọ̀pọ̀ nínú èyí tí kò wọ́n kì í gbọ́ 5 rárá. Chromecast àkọ́kọ́ ti Google, tó jáde ní 2013, 2.4 nìkan ló mọ̀. Tó bá jẹ́ 5 nìkan ni ráútà yín ń gbé jáde, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ní rí i láéláé, bó ti wù kí ẹ tẹ rìmóòtù tó.

Ẹ ní láti wọ inú ráútà. Kò le. Ẹ so fóònù mọ́ Wáífáì ilé, ẹ ṣí Chrome, ẹ tẹ àdírẹ́sì ráútà síbi tí ẹ máa ń tẹ àdírẹ́sì sí lókè. Fún MiFi (ráútà kékeré tí a lè gbé kiri) àti ráútà onísíìmù ti Huawei, 192.168.8.1 ló wọ́pọ̀. Fún TP-Link àti ZTE, 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1. Tí kò bá sí èyí tó ṣí, ẹ dojú ráútà dé. Wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń wọlé. Páásíwọ́ọ̀dù yìí yàtọ̀ sí ti Wáífáì, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Wireless, WLAN tàbí Wi-Fi sí.

Níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rí i pé 2.4 GHz wà ní títàn. Ẹ fún 2.4 àti 5 ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bíi Ile-Wa-2 àti Ile-Wa-5. Ọ̀pọ̀ ráútà tuntun máa ń pe méjèèjì ní orúkọ kan náà, á sì máa ti ẹ̀rọ láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì bó ṣe wù ú. Fóònù fara da ìyẹn, TV box púpọ̀ kò fara dà á.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá Channel, kí ẹ sì mú un kúrò lórí Auto. Fún 2.4, ẹ yan 1, 6 tàbí 11. Ìkànnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí nìkan ni kì í gorí ara wọn láàárín 1 sí 11. Tó bá jẹ́ pé orí Auto lẹ fi í sí, ráútà lè wà lórí 6 lónìí, kó bọ́ sórí 13 lọ́la nítorí pé Wáífáì àwọn aládùúgbò ti pọ̀ jù nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tí wọ́n mú ti Amẹ́ríkà wá fi lè ṣiṣẹ́ fún oṣù kan gbáko, kó sì dédé sọ lọ́jọ́ kan pé òun kò mọ ilé yín rí. Ẹ bi ẹni tó fún yín ní ẹ̀rọ náà níbi tó ti rà á. Tó bá jẹ́ Houston tàbí New York, ẹ má jẹ́ kí ráútà kọjá 11.

Fún 5 GHz, ẹ yan láti 36 dé 48. Àwọn ìkànnì tó wà láàárín 52 sí 144, àwọn ẹ̀rọ ráda ń lò wọ́n, títí kan èyí tí wọ́n fi ń wo òjò. Ráútà gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ nígbà tó bá gbúròó ráda, àwọn TV box kan kì í sì í yà síbẹ̀ rárá.

Tó bá jẹ́ pé hotspot fóònù lẹ fi ń ṣe Wáífáì ilé, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Lórí iPhone 12 sókè, ẹ tan Maximize Compatibility nínú Personal Hotspot, òun ló ń mú un wá sórí 2.4. Kí ẹ sì fi ojú ewé Personal Hotspot yẹn sílẹ̀ ní ṣíṣí títí TV box á fi wọlé. Lórí Android, inú ìtò hotspot ni ẹ ó ti rí Band.

Ohun kan ṣì kù tí kì í ṣe ti ráútà. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kún fún irin. Stick tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ dà bí ẹni tó fi ìkòkò bo orí, tó wá ń sọ pé òun kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Wáyà HDMI kúkúrú kan máa ń wà nínú páálí ọ̀pọ̀ stick, tí a máa ń rò pé kò wúlò. Ẹ fi í fa stick náà jáde sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ìka mẹ́rin péré tó fi kúrò lẹ́yìn irin lè mú kí orúkọ tó sọnù yọ.

Tó bá rí orúkọ, àmọ́ tí kò lè wọlé

Páásíwọ́ọ̀dù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, bó tilẹ̀ dá yín lójú. Rìmóòtù lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Lẹ́tà ńlá yàtọ̀ sí kékeré, òdo yàtọ̀ sí O. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Show password sí kí ẹ lè fojú rí ohun tí ẹ ń tẹ̀. Tí ẹ bá ti yí páásíwọ́ọ̀dù ráútà padà láìpẹ́, ti àtijọ́ ni TV box ṣì ń gbé lọ síbẹ̀: ẹ lọ sórí orúkọ Wáífáì náà nínú Settings, ẹ yan Forget, kí ẹ tún un so látìbẹ̀rẹ̀.

Èyí tó kàn jẹ́ ti àwa tó ń kọ Yorùbá. WPA2, ìlànà tó ń dáàbò bo ọ̀pọ̀ Wáífáì ilé, sọ pé páásíwọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì 8 sí 63, kí gbogbo wọn sì jẹ́ lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì lásán. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, kò sí àmì ohùn. Mo fẹ́ kí á máa kọ èdè wa bó ṣe yẹ, n kì í sì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, ṣùgbọ́n níbí, ẹ kọ ọ́ láìsí àmì. Orúkọ Wáífáì ní tirẹ̀ lè gba àmì, fóònù á sì kà á dáadáa, kó wá di jágbajàgba lójú TV box, tàbí kó má tilẹ̀ yọ. Baítì 32 péré ni orúkọ náà lè gbà. Ọ́ kan ṣoṣo lè jẹ márùn-ún níbi tí o lásán ti jẹ ẹyọ kan. Ẹ pe Wáífáì yín ní IleAyo, kó tó bẹ́ẹ̀.

Tí páásíwọ́ọ̀dù bá tọ̀nà tí TV box ṣì ń sọ pé kò tọ̀nà, ẹ wo Security nínú ráútà. WPA3, ìlànà tó tẹ̀lé WPA2, jáde ní 2018. TV box tí wọ́n ṣe ṣáájú ìgbà yẹn sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kò sì lẹ́nu láti sọ bẹ́ẹ̀; páásíwọ́ọ̀dù ni yóò máa fẹ̀sùn kàn. Ẹ yan WPA2-PSK tó ní AES lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí èyí tó pa WPA2 àti WPA3 pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ ọ́ di Open nítorí kí ẹ̀rọ kan lè wọlé. Gbogbo àdúgbò ni yóò bá yín jẹ dátà náà tán.

MiFi sì ní iye ẹni tó lè gbà: àwọn kan 10, àwọn kan 16, àwọn kan 32. Tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bá dé fún ìsinmi, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì mú fóònù lọ́wọ́, TV box ni yóò wà níta nítorí pé òun ló tàn kẹ́yìn. Ẹ ní kí fóònù méjì jáde, kí ẹ tún gbìyànjú.

Tó bá wọlé, tó ní kò sí íntánẹ́ẹ̀tì

Okùn kejì ló kàn. Ẹ wo nọ́ńbà tí ráútà fún un: Settings, Network, lẹ́yìn náà orúkọ Wáífáì yín. Lórí Fire TV, ẹ dúró lórí orúkọ náà kí ẹ tẹ Play/Pause. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, ráútà ti gbà á. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, TV box ló fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà yẹn nítorí pé ó kígbe títí, ráútà kò dá a lóhùn. Ẹ yan Forget, ẹ pa ráútà kí ẹ tún un tàn, kí ẹ sì so ó padà. Tó bá tún jẹ́ 169.254, ẹ wọ inú ráútà kí ẹ wo DHCP, èyí tó ń pín nọ́ńbà fún àwọn ẹ̀rọ; ó gbọ́dọ̀ wà lórí Enable. Àwọn tó ń lo Roku, nọ́ńbà ni ẹ̀rọ yín fi máa ń sọ ọ́: 014 túmọ̀ sí pé kò lè wọ orí Wáífáì, 009 túmọ̀ sí pé ó ti dé ọ̀dọ̀ ráútà ṣùgbọ́n kò rí ìta.

Nísinsìnyí, nọ́ńbà wà, fóònù ń ṣiṣẹ́, TV box ní kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo aago rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò jọ ohun tó lè kan ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ òun ni mo máa ń bá pàdé jù lọ lórí àwọn Android box olówó pọ́ọ́kú. Kò sí bátìrì tó ń tọ́jú aago nínú púpọ̀ wọn. Tí iná bá lọ, aago náà gbàgbé ọjọ́ tó wà, tí iná bá sì dé, ó lè padà sí January 1, 1970, ọjọ́ tí Android ti ń ka àkókò, tàbí ọjọ́ tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ibi tí TV box fẹ́ wọ̀, YouTube ni o, Netflix ni o, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n máa ń fi hàn án kó lè mọ̀ pé kì í ṣe gbájúẹ̀. Ìwé ẹ̀rí yẹn ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Lójú ẹ̀rọ tó rò pé 1970 la wà, ìwé ẹ̀rí gbogbo ayé kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Á kọ gbogbo wọn, á sì sọ fún yín pé kò sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ lọ sí Settings, Device Preferences, Date & time. Lórí àwọn kan, Date & time wà níta gbangba. Ẹ kọ́kọ́ pa èyí tó ń gba àkókò láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ fi ọwọ́ tẹ ọjọ́ àti wákàtí tó tọ̀nà, kí ẹ yan Lagos tàbí GMT+1 fún àgbègbè. Ẹ ṣí YouTube wò. Tó bá ṣí, ẹ lè tan èyí tó ń gba àkókò fúnra rẹ̀ padà.

Tí aago bá tọ̀nà, DNS ló kù. Òun ló ń sọ orúkọ bíi youtube.com di nọ́ńbà tí ẹ̀rọ lè pè, bí a ṣe ń fi orúkọ wá nọ́ńbà ẹni nínú fóònù. Tí ti ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín bá ń kú sùn, ẹ lè lo ti ẹlòmíràn. Nínú ìtò Wáífáì orí TV box, ẹ yí IP settings láti DHCP sí Static, ẹ fi nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì kọ 8.8.8.8 sí DNS 1 àti 1.1.1.1 sí DNS 2. Ti Google ni àkọ́kọ́, ti Cloudflare ni èkejì, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì.

Ní hòtẹ́ẹ̀lì tàbí họ́sítẹ̀ẹ̀lì tí wọ́n ti máa ń ní kí ẹ kọ orúkọ sí ojú ewé kan kí ẹ tó lè lo Wáífáì, TV box púpọ̀ kò lè ṣí ojú ewé náà. Ẹ lo hotspot fóònù yín.

Tó bá ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tó ń yí

Ibí ni mo fẹ́ kí á ti fara balẹ̀, nítorí ibí ni owó ti ń ṣòfò. Àyíká kékeré á máa yí láàárín fíìmù, a ó sì lọ ra dátà tó pọ̀ sí i tàbí TV box tuntun, nígbà tó jẹ́ pé ògiri ló wà láàárín.

Ilé wa kì í ṣe ilé pákó. Búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì mẹ́sàn-án, sìmẹ́ńtì lọ́tùn-ún lósì, dẹ́kìn tó kún fún irin, ìlẹ̀kùn onírin lẹ́nu ọ̀nà, tánkì omi lẹ́yìn ilé. Irin máa ń dá Wáífáì padà, omi máa ń gbé e mì, díígí ńlá tó wà lára wọ́dúróòbù pẹ̀lú máa ń dá a padà nítorí nǹkan bíi irin tí wọ́n fi kun ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fa ìlà láti orí ráútà dé orí TV box lọ́kàn yín, kí ẹ ka ohun tó wà lójú ìlà náà. Tó bá ju ògiri méjì lọ, 5 GHz kò ní débẹ̀ pẹ̀lú agbára; ẹ fi TV box sórí 2.4. Tí wọ́n bá jọ wà nínú pálọ̀ kan náà, 5 ni kí ẹ lò, pàápàá tí Wáífáì àdúgbò bá ti pọ̀ lórí 2.4. Máíkírówéèfù náà ń lo 2.4: ẹni tí fíìmù rẹ̀ ń dúró nígbàkigbà tí wọ́n bá ń gbóúnjẹ kaná mọ ibi tí yóò wò.

Ẹ lè wọn ọ́n. Ẹ gba app WiFi Analyzer kan sórí fóònù, ẹ gbé e dé ẹ̀gbẹ́ TV box, kí ẹ wo nọ́ńbà tó ní dBm, èyí tí wọ́n fi ń wọn agbára Wáífáì. Nọ́ńbà náà ní àmì ìyọkúrò níwájú, nítorí náà bó bá ṣe sún mọ́ òdo ló ṣe dára tó. Láti -67 lọ sókè, fíìmù á máa lọ geere. Ní -75, á máa dúró. Ní -80, ẹ má da ara yín láàmú mọ́, ẹ gbé ráútà.

Ibi gíga ni kí ẹ gbé e sí, níta gbangba, bíi àárín ilé. Kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ìjà kan máa ń wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń lo ráútà onísíìmù: ráútà náà fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kó lè rí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, TV box sì fẹ́ kó wà nítòsí òun. Èrò tèmi ni pé kí ẹ fún fèrèsé ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí ẹ wá fi wáyà LAN, èyí tó ń so ẹ̀rọ mọ́ ráútà láìlo Wáífáì, fa ìyókù. Wáyà kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìkànnì. TV box púpọ̀ ní ihò rẹ̀ lẹ́yìn. Fún stick, wọ́n ń ta ohun kékeré kan tó máa ń so wáyà LAN mọ́ ihò USB rẹ̀, ẹ rí i pé èyí tó bá stick yín mu lẹ rà. Ẹ̀rọ tó ń gba Wáífáì tó sì ń tún un gbé jáde, tí wọ́n ń pè ní extender, ni mo fi ṣe ìkẹyìn: ọ̀pọ̀ èyí tí kò wọ́n ń fi rédíò kan ṣoṣo gbọ́, ó tún ń fi òun náà sọ̀rọ̀, nítorí náà bí ìdajì eré Wáífáì ló ń bá a lọ.

Kí ẹ tó sọ pé dátà kò yára, ẹ mọ iye tí ẹ nílò. Netflix ní eré 3 Mbps tó fún àwòrán 720p, 5 fún 1080p tó mọ́ jù ú lọ, 15 fún 4K tó mọ́ jù lọ. Wákàtí kan fíìmù 1080p lè jẹ tó 3 GB, 4K lè jẹ tó 7. Lórí tẹlifíṣọ̀n oní-íǹṣì 32, mo máa ń ní kí àwọn èèyàn fi í sí 720p. Ojú kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láti orí àga, àpò mọ̀ ọ́n. Ẹ tún wọ inú Settings kí ẹ pa ìmúdójúìwọ̀n app tó ń ṣe fúnra rẹ̀, nítorí alẹ́ tí ẹ ń wo fíìmù gan-an ló máa ń yàn.

Tí fóònù kò bá rí TV box láti gbé fíìmù sí i

Fóònù àti TV box gbọ́dọ̀ wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Tí ẹ bá fi ọ̀kan sórí Guest, wọn kò ní rí ara wọn, nítorí pé iṣẹ́ Guest nìyẹn, láti ya àlejò sọ́tọ̀. Nínú ráútà, ẹ wo AP Isolation, tí kì í jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ orí Wáífáì kan náà rí ara wọn, kí ẹ pa á. Tí VPN bá wà lórí fóònù, ẹ pa òun náà. Mo sì ti sọ pé kí 2.4 àti 5 ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ráútà, ìyẹn kò dí wọn lọ́wọ́ láti rí ara wọn, ṣùgbọ́n tí tiyín bá ń dí wọn lọ́wọ́, ẹ kó àwọn méjèèjì sórí 2.4.

Factory reset

Nínu gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ kúrò, tí mo sáré ṣe lẹ́ẹ̀mejì ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Gbogbo app á lọ, gbogbo páásíwọ́ọ̀dù á lọ, ẹni tí kò bá rántí ti Netflix tàbí ti Gmail á tún rí wàhálà mìíràn. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ so TV box mọ́ hotspot fóònù ẹlòmíràn wò. Tó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ara TV box yá, ráútà lẹ ó padà sí. Tí kò bá ṣiṣẹ́ lórí hotspot méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lórí 2.4, pẹ̀lú ṣájà tirẹ̀ àti aago tó tọ̀nà, ẹ wá ìmúdójúìwọ̀n fún un nínú About, kí ẹ sì ṣe reset náà nígbà yẹn. Tó bá tún kọ̀, Wáífáì inú rẹ̀ ló kú. Tó bá ní ihò LAN, ó ṣì lè fi wáyà ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tó bá ti ṣiṣẹ́, ẹ mú bébà kékeré kan, ẹ kọ orúkọ Wáífáì, páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, àdírẹ́sì ráútà àti ìkànnì tó wà sí i, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Tiwa wà níbẹ̀. Nọ́ńbà 6 ni mo kọ tóbi jù, màmá sì mọ̀ pé òun ni kí wọ́n kà fún mi lórí fóònù.